Ìkìlọ̀ Raudah Kí Èrè Ó Tó Jáde

Raudah kì í ṣe aláriwo. Láti kékeré ní àdúgbò Ṣàngó, bí wọ́n bá bá a wí lórí ohun tí kò ṣe, kì í sunkún, kì í sì í tọrọ àforíjì. Yóò kàn máa wo ẹni náà lójú títí ọ̀rọ̀ yóò fi sú onítọ̀hún. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan ní Ìlọrin, tí wọ́n jọ ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́, gbà á kó máa bá wọn wo bí àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kówó lé ṣe ń ṣe sí.

Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn jù. Ọ̀sẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kéde èrè ọdún ni Raudah gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbúrẹ́dì pé ìyẹ̀fun wọn kì í dé déédéé mọ́. Ó wádìí lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń kó o, wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ àlìkámà ti dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́: "Èrè ọdún yìí máa lọ sílẹ̀. Ẹ má retí irú tèṣí."

Ẹgbẹ́ dà rú. Àwọn kan sáré ta ṣíà wọn, àwọn mìíràn yarí. Alájì Àbdùlgàfárù, alága wọn, pe gbogbo wọn sílé rẹ̀ ní GRA lẹ́yìn ìrun alaásárì.

"Raudah, kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí? Ò bá ti sọ ọ́ lóṣù tó kọjá, tàbí kí o mú sùúrù kí wọ́n kéde."

"Lóṣù tó kọjá, mi ò mọ̀, Alájì. Ìgbà tí mo mọ̀ ni mo sọ. Ṣé kí n gbé e mì ni?"

Alájà Binta, ọ̀kan nínú wọn tó ń ta ọkà ní ọjà Ipata lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, dá sí i: "Ẹni tó bá rí iná lórí òrùlé, ṣé yóò kọ́kọ́ wo aago ni?"

Qasim, ẹ̀gbọ́n Raudah tó bá a wá, sọ̀rọ̀ sí i létí. "Sọ pé o kánjú. Ọ̀rọ̀ á tán."

"Mi ò kánjú, Bùrọ̀dá mi."

Ọjọ́ ìkéde pé. Èrè lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò burú tó bí ọjà ṣíà ti ń bẹ̀rù, ni owó ṣíà bá gbéra sókè. Àwọn tó ti tà wá kọjú ìbínú sí Raudah. Àwọn tí kò tà náà ò yìn ín.

Wọ́n tún pàdé. Alájì mú òfin tuntun wá: ní oṣù tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kéde èrè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣèkìlọ̀. Kí Raudah fara mọ́ ọn, tàbí kó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Raudah fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àmọ́ ó wo Alájì lójú.

"Mo ní èrè máa lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹnì kankan tà. Oṣù tí ẹ ní kí n dákẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wúlò jù fún yín. Amáná ni iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ fi sí mi níkàáwọ́ ni, Alájì. Wàláì, mi ò ní í fara mọ́ ọn."

"O fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi, sà. Èmi ò fi í sílẹ̀."

Ó kí wọn, ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí Alájà Binta fi sáré bá a.

"Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí mo ra ṣíà rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ìgbà wo lo máa sọ tirẹ̀ fún mi?"

"Ọjọ́ tí mo bá mọ̀, Alájà."

"Bó bá ku ọ̀la kí wọ́n kéde ńkọ́?"

"Bó ku wákàtí kan pàápàá."

Alájà àti àwọn díẹ̀ ló tẹ̀ lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Owó tí wọ́n ń san fún un báyìí ò tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ṣì di òfin wọn mú. Raudah náà ò yí padà.