Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Awọnlẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Awọnlẹ̀ lónìí, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sá jáde wò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Á ká máàpù, á há a sí abíyá, á máa rọra lọ létí títì, bí ọkọ̀ kan bá sì sáré kọjá, kò ní gbójú sókè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ló máa ṣàkíyèsí pé etí rẹ̀ ti bá ọkọ̀ náà lọ, pé ó ń gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń pa jíà dà, ó sì ń pòṣé lábẹ́lẹ̀ tí onítọ̀hún bá pẹ́ kó tó pa á dà.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló kọ́ ní yunifásítì, ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè é ti wá. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Bàbá rẹ̀ wa tírélà fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó di pé ó sá eré àsájù dé kọ́nà kan, kò sì délé mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Awọnlẹ̀ nígbà náà. Bẹ́líìtì kan àti bàtà búráùn kan ni wọ́n gbé wálé fún wọn. Ìyá rẹ̀ kó bàtà náà sínú páálí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Báàgì ni ìyá yìí ń rán, báàgì ọmọléèwé àti ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nínú yàrá iwájú tí òórùn awọ kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ onírin ńlá kan ló ń lò, ariwo rẹ̀ ni Awọnlẹ̀ fi ń sùn láti kékeré. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni ọmọ ń jí. Igun báàgì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin yìí ń rán an: á kọ́kọ́ fi òwú dúdú rán an, á wá fi òwú pupa gba orí rẹ̀ ní ìdábùú. Bí báàgì bá gbó tó ya káàkiri, igun kì í ya. Ìyẹn ló fi rán ọmọ rẹ̀ níwèé. Lọ́jọ́ tí ọmọ gba ìwé ẹ̀rí, ó rán báàgì gígùn kan fún un tí máàpù lè wọ̀ láìṣẹ́po, igun mẹ́rin, pupa lórí dúdú.

Ọdún kẹta tí Awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ra ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń fi kó ẹbí o. Ọkọ̀ eré ìje ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ àga. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń kó lọ sí ìlú mìíràn ni, ó sì fẹ́ kó tètè kúrò lọ́rùn òun. Nígbà tí Awọnlẹ̀ wà á délé, ìyá rẹ̀ jáde síta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó bèèrè pé níbo ni àwọn èrò ń jókòó sí. Ọmọ ní ènìyàn méjì ti tó. Ìyá bèèrè pé, “Ìwọ àti ta?” Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá ní ọkọ̀ náà lóṣòó bí ológbò tó rí eku, òun ò sì mọ ẹni tó fẹ́ fò mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn Awọnlẹ̀, ìyẹn Sípánà. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ò ká ìwé Sípánà mọ́ nílé tiwọn, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ilé ìyá Awọnlẹ̀ ló ti ń jẹun alẹ́ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa yìí, ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun ti ń tún àgbàlagbà ọkọ̀ ṣe látọjọ́ yìí, òun ò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wà.

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni wọ́n ti ń sá ìje. Ọ̀nà tuntun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n là fún àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́, ó gbòòrò, ó tẹ́ bí ojú tábìlì, ọkọ̀ kankan kì í gbà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn tó ní ọkọ̀ á kóra jọ síbẹ̀. Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀nà náà, láti ibi táǹkì omi dé òpó iná tó kẹ́yìn: kìlómítà méjì ó dín ogójì mítà. Àwọn tó kù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹni tó wọn ọ̀nà kó tó sáré lórí rẹ̀, á wọn ìyàwó pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra ló borí wọn. Ó borí Dókítà Eyín pàápàá, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò tíì borí rí. Iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni ọkùnrin yìí ń ṣe lóòótọ́, ó ju Awọnlẹ̀ lọ ní bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí Awọnlẹ̀ nà án, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wò ó, pé ó kéré tán, ìpolówó ọjà òun ń lọ. Awọnlẹ̀ délé lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ opó, ọmọ tí kì í bá wọn gun igi. Níbẹ̀, lórí ọ̀nà yẹn, ó mọ̀ pé òun láyà.

Oníbàárà kan tó wá gba báàgì ló tú àṣírí fún ìyá. Obìnrin náà ò pariwo. Ó dúró títí ọmọ fi jẹun tán, ó wá kúnlẹ̀ fún un, ìyá fún ọmọ, lórí àwọn ègé awọ tó wà nílẹ̀. Awọnlẹ̀ sáré gbé e dìde. Ó ṣèlérí pé òun ti jáwọ́. Sátidé méjì ló fi sùn dé ojú oòrùn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó yọ́ jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yí padà. Bó ṣe ń gbéra náà ló ń gbéra, ìró rẹ̀ ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tó yẹ kó ti fò, ńṣe ló máa jókòó. Awọnlẹ̀ á tẹná títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi níbi tó ń lọ mọ́, ọkọ̀ á sì máa ṣe bí ẹni pé wọn ò bá a wí. Akọ̀wé báńkì kan nà án. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà nà án. Ó gbé e lọ bá Sípánà, Sípánà yọ púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó fi í padà, ó gbé etí sí ẹ́ńjìnnì pẹ́.

Ó ní, “Ọkọ̀ ò ní nǹkan kan. Bóyá ìwọ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Awọnlẹ̀ lára ju bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ń rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ òun ń fà sẹ́yìn kí òun tó mọ̀, pé bóyá kọ́nà tó pa bàbá òun ti wà nínú ẹran ara òun látilẹ̀wá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Oṣù mẹ́rin ló fi gbé ìrònú yìí kiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, mo ṣì ń lọ. Ẹ má bínú. Mi ò sì dáa níbẹ̀ mọ́. Ọkàn mi ló ń fa ẹsẹ̀ mi. Ojo ni mí.”

Ìyá dá ẹ̀rọ dúró. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń fi pa á bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré. Ó ní ara ló mọ ohun tó dára fún ara, kó fi í sílẹ̀, kó ta ọkọ̀ náà. Kò bínú pé ó da ìlérí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó fu Awọnlẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ pa lẹ́yìn kì í wojú.

Dípò kó tà á, ó ránṣẹ́ sí Dókítà Eyín pé kí àwọn sá a ní kọ́kọ́rọ́ sí kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá pàdánù á fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ọkùnrin náà ló ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè tẹ̀ ẹ́ tí gbogbo ohun tó fẹ́ràn bá wà nílẹ̀.

Gbogbo wọn ló pé lọ́jọ́ náà. Awọnlẹ̀ gbé ìwé ọkọ̀ rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kejì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ akọ̀wé báńkì. Sípánà dúró níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ méjì sí i lọ. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o ò ní sinmi lónìí?”

Awọnlẹ̀ ní òun ti sinmi tó. Wọ́n ju áńkáṣíìfù sílẹ̀, wọ́n gbéra. Títí dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ pupa jókòó bó ṣe máa ń jókòó. Awọnlẹ̀ fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí rẹ̀ gbéra lórí àga, ó pariwo mọ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń bá ẹlòmíràn jà. Gígùn ọkọ̀ mẹ́rin ni Dókítà Eyín fi ṣíwájú rẹ̀ kọjá òpó tó kẹ́yìn. Awọnlẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó rìn wálé. Ó dorí kodò rin ìrìn náà bí ẹni tó jẹ̀bi nǹkan.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Eyín wá bá a ní ọ́fíìsì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé jáde nínú àpò, ó gbé e sórí máàpù tó wà lórí tábìlì.

Ó ní, “Àbúrò, mo ń gbá inú ọkọ̀ yẹn lánàá, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ èyí mọ́lẹ̀ lábẹ́ irin tó o fi ń tẹná. Bó bá ti wà níbẹ̀, irin ò lè dé ilẹ̀. Bí ọkọ̀ ò ṣe lo gbogbo agbára rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní dá a padà o, kọ́kọ́rọ́ sí kọ́kọ́rọ́ la sọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé èmi ni mo fi síbẹ̀.” Ó dìde, ó tún dúró díẹ̀. “Mo yọ ọ́, mo wà á dé òpó tó kẹ́yìn láàárọ̀ yìí. Ká ní kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, iná ẹ̀yìn rẹ gan-an, mi ò bá má rí i.”

Awọnlẹ̀ ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn dáadáa. Awọ ni nǹkan náà, kò ju páálí ìṣáná lọ, ìpele mẹ́rin tí wọ́n rán pọ̀. Igun rẹ̀ ló ń wò. Òwú dúdú nísàlẹ̀, òwú pupa lórí rẹ̀, ní ìdábùú.

Kò kọ́kọ́ lọ sílé. Ó lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Abẹ́ bọ́ọ̀sì kan ni Sípánà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé awọ náà sílẹ̀ níbi tó ti máa rí i. Ó pẹ́ kí Sípánà tó yọ jáde.

Ó ní, “Màmá ló ní kí n ṣe é. Igi ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ó ń ró kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, àwọn á rán èyí tí ò ní pariwo. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó ń bọ́ mi kúnlẹ̀ fún mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“O wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.”

“Mo ti búra fún wọn.”

“O sọ fún mi pé bóyá èmi ni.”

Sípánà mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí Awọnlẹ̀ wọ yàrá iwájú, ìyá rẹ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò jiyàn. Ó wọ yàrá, ó fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó gbé bàtà búráùn náà wá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ tí bàbá rẹ fi tẹná lọ́jọ́ náà nìyí. Mo ní ó ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi, kó bá mi di ọmọ mú. O ṣèlérí fún mi, ọkọ mi. Mo gbọ́ bó o ṣe ń yọ́ jáde ní Sátidé kẹta. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.”

Awọnlẹ̀ ní òótọ́ ni, òun da ìlérí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ ti lọ. “Mo jókòó síbí yìí, Màmá. Mo ní ojo ni mí. Ẹ sì fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.”

Ìyá wò ó tààrà. “Ojo tó wà láàyè ni mo fẹ́,” ló wí.

Awọnlẹ̀ gbé awọ náà lọ sójú fèrèsé, bóyá kó má bàa wojú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i. Àárín awọ náà jin sínú. Orí irin ti wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin, ìpele mẹ́rin ti di bí ìpele méjì níbẹ̀, ó sì le bí òkúta. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn ò lè tẹ awọ jin tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo àwọn Sátidé yẹn, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Ó na awọ náà sí ìyá rẹ̀. “Ẹ wò ó.”

Ìyá gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá òwú ti tú. Ó ní kò ya. Awọnlẹ̀ ò ṣàlàyé fún un. Ó gbà á padà, ó fi í sápò.

Inú ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Awọnlẹ̀ ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń bá a gbé awọ wúwo, ó ń mú un lọ gba oògùn ojú. Bí Sípánà bá wá, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Ṣùgbọ́n báàgì gígùn tí ìyá rán fún máàpù rẹ̀ ti wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ náà, igun mẹ́rin, pupa lórí dúdú, kò ya. Ìyá ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, abíyá ni Awọnlẹ̀ ń há máàpù sí.