Òwú Àtalẹ̀ Pupa Lọ́rùn Pechiammal

Ní gbogbo abúlé wa yìí, kò sí ẹni tó mọ̀wé tó èmi Ayyathurai, bẹ́ẹ̀ ni n kò fìdí kan ìjókòó ilé-ìwé rí. Bébà ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹja gbígbẹ ni mo fi kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wá bi mí léèrè ohunkóhun, láti orí ìjọba dé orí àrùn màlúù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ní fi iyọ̀ kún un jù, torí iyọ̀ tí mo fi kún ìtàn kan nígbà kan ló kù díẹ̀ kó pa ìyàwó àbúrò mi.

Pechiammal lorúkọ rẹ̀. Sudalaimuthu àbúrò mi ti fẹ́ ẹ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀pẹ ni àbúrò mi ń gùn, ogójì igi láàárọ̀, ogójì nírọ̀lẹ́, a sì máa gbé omi ọ̀pẹ tútù sọ̀kalẹ̀ nínú ìkòkò tí a fi ẹfun kùn kó má baà kan. Pechiammal a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sè é lórí iná igi títí yóò fi ki, a wá dà á sínú èèpo àgbọn kó di ṣúgà dúdú. Bí o bá gbé ìkòkò yẹn sọ̀ kó tó ki, omi dídùn lásán lo ní lọ́wọ́. N kò rí i rí kó gbé ìkòkò sọ̀ láìtó àsìkò. Òjò ì báà máa bọ̀, ọmọ ì báà máa ké.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ooru ìdáná ni. Isakki ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wá bímọ àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ló rí aṣọ tó ń fọ̀ ní kọ̀rọ̀, ló bá fi oyún oṣù méje gbé ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Jẹjẹrẹ ni, ní ẹnu ilé ọmọ. Dókítà Thenmozhi, obìnrin kúkurú kan tó ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé, sọ fún wa pé kò tíì rìn jìnnà, pé yóò san bí a bá parí gbogbo ìtọ́jú. Ó tẹnu mọ́ gbogbo yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni Pechiammal bi í léèrè: ṣé òun yóò gbé ọmọ Isakki?

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi tan ìtànṣán sí i lára láti ìta. Ó rẹ̀ ẹ́, ìgbẹ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, irẹsì ń rùn sí i, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ìgbà náà ni dókítà pè wá pé ó ku ti inú.

"Ìtànṣán ìta ń la ẹran ara mìíràn kọjá kó tó débẹ̀, a kò lè mú un pọ̀ ju báyìí lọ," ó wí. "Èyí tó kù, ẹnu ilé ọmọ fúnra rẹ̀ la ó gbé e lọ, kó bá jẹjẹrẹ níbi tó jókòó sí, kó má bá àpò ìtọ̀ àti ìfun jà."

Mo bi í ní ìbéèrè méje. Ní ìkeje, ó wo ojú mi, ó bi mí pé ilé ìwòsàn wo ni mo ti ṣiṣẹ́ rí. Mo ní ilé ẹlẹ́ja ni. Bó ṣe rí nìyí: wọn yóò fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn kó má gbọ́ ìrora ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Wọn yóò ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan sí ojú ibẹ̀, wọn yóò fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há a kó má yẹ̀, wọn yóò ya àwòrán inú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kí iná dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò so páìpù mọ́ ẹ̀rọ kan. Irúgbìn kan tó ń tan ìtànṣán wà nínú ẹ̀rọ náà ní orí wáyà, kò tó hóró irẹsì. Ẹ̀rọ yóò tì í wọlé gba inú páìpù, yóò dúró díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá lápapọ̀, yóò sì padà sínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò ṣe é. Gbogbo ìtọ́jú, ti ìta àti ti inú, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sístà Jesintha tó ń tọ́jú yàrá náà ní kí Pechiammal bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀, torí ẹ̀rọ ayàwòrán kì í gba irin. Ó yọ òrùka ẹsẹ̀, ó yọ ti imú. Nígbà tó kan tàlí ọrùn rẹ̀, wúrà tí ọkọ rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Obìnrin wa kì í bọ́ tàlí bí ọkọ bá wà láàyè. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó da aṣọ rẹ̀ bora, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wálé, ó sì dáná sí abẹ́ ìkòkò rẹ̀.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ara òun ti yá, ṣebí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dé, mo ti tò gbólóhùn mi sílẹ̀ bí ológun tó ń to ọmọ ogun. Pechiammal kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́," ó wí. "Ponnaiah. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ tàlí sórí òkúta létí odò, kó tó wẹ̀ tán ọkọ rẹ̀ ti jábọ́ kú látorí ọ̀pẹ. Èmi ni kí n bọ́ tèmi, kí bàbá Isakki máa gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́?"

Ẹyin lohùn, tèmi fọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́, lábẹ́ igi, níbi ìgbéyàwó kan, ní bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo sọ ọ́ dáadáa náà ni: àwọn ẹyẹ ìwò ń pe orúkọ obìnrin náà. Mo wá jẹ́wọ́ pé irọ́ ni. Òjò ló pa igi ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ ló yọ̀, tàlí obìnrin náà wà lọ́rùn rẹ̀ dáadáa, Ponnaiah pàápàá kò kú.

Pechiammal rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parọ́, kí n lè lọ."

Ẹ ò rí i bí? Irọ́ mi ló gbàgbọ́, òótọ́ mi ni kò gbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ààbọ̀ sì ti lọ nínú mẹ́jọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó òun àti ọkọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì, mo sì mú wọn dé ìsọ̀ tíì kan ní ibùdókọ̀, níbi tí ọkùnrin kan tó ń tiro ti ń da wàrà láti ife kan sí èkejì.

"Ponnaiah," mo wí, "sọ fún ìyàwó wa bí o ṣe kú."

"Èmi wo ló kú?" Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fọ ife. "Ìwọ, ṣé mo kú ni?"

"Bí o bá kú ni, ǹ bá ti sinmi," obìnrin náà dáhùn. Tàlí ń mì lọ́rùn rẹ̀.

Ponnaiah ṣàlàyé òjò náà fún wa, ó wá bi mí léèrè irú ẹyẹ ìwò tó mọ orúkọ ìyàwó òun. Mo yára sanwó tíì gbogbo wa. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Pechiammal rọra mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọrùn òun kò tíì wà ní òfìfo rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìgbà náà ni Sudalaimuthu la ẹnu.

"Ìyá Isakki, o kò gbé ìkòkò sọ̀ láìki rí. Kí ló dé tó jẹ́ ti ara rẹ lo fẹ́ gbé sọ̀? Ọjọ́ tí o bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò ní gun igi kankan. Ìsàlẹ̀ ni wàá ti bá mi."

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, Sístà Jesintha kò bínú. Ó fa àpótí kan yọ: òwú funfun, àtalẹ̀ pupa lódindi, àti lílọ̀ rẹ̀ nínú ọpọ́n. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sá," ó wí. "Bàbá, ẹ fi lílọ̀ yìí kun òwú yẹn, ẹ so ó mọ́ wọn lọ́rùn. Kò sí irin níbẹ̀." Àbúrò mi, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo ọ̀pẹ, so ègé àtalẹ̀ náà mọ́ òwú, ó sì so ó ní ìdè mẹ́ta mọ́ ọrùn aya rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ọjọ́sí, kó tó yọ wúrà. Ọrùn náà kò ṣófo fún ìṣẹ́jú kan. Mo sunkún. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sọ pé eruku ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wọ yàrá náà. Gbogbo ènìyàn a jáde, ilẹ̀kùn tó nípọn bí ara ògiri a pa dé, Sístà a sì máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, a máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìta pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ku méjì. Ó ní òun ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kùn bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ẹ̀yìn ro ó nígbà tí wọ́n yọ páìpù. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ogójì igi dúró dè é nílé, ní góńgó àsìkò omi ọ̀pẹ. Pechiammal parí ìtọ́jú náà nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé.

Isakki bímọbìnrin. Pechiammal dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kan ọmọ, ó ní iná wà nínú òun. Sístà Jesintha ni mo tẹ̀ láago.

"Irúgbìn náà ti padà sínú àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún," ó sọ fún un. "Kò sí nǹkan kan nínú yín, Ìyá. Ẹ gbé ọmọ yín."

Ó gbé e. Kò gbé e kalẹ̀ títí ọmọ náà fi tọ̀ sí i lára.

Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà mẹ́rin láti ìgbà náà. Wọn kò rí jẹjẹrẹ. Ṣúgà dúdú tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún yìí, Sístà Jesintha àti dókítà ni Pechiammal gbé e fún, mo sì bá wọn jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí ọpẹ́ kò yẹ kó gbẹ lẹ́nu. Wúrà ti padà sí ọrùn rẹ̀. Òwú àtalẹ̀ pupa wà lára ògiri ilé ìdáná, lórí ìṣó.

Àmọ́ ohun kan ti yí padà. Bí mo bá jókòó lábẹ́ igi, tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn, Pechiammal a máa dá ìgbákọ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n," á wí, "ṣé èyí ṣẹlẹ̀, tàbí tiyín ni?"

Mo sì ń dá a lóhùn ní òtítọ́. Òun nìkan ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.