Ọ̀rọ̀ "Faible" Láàrin Èmi àti Bàbá Mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹ̀kọ́ mi jẹ́.

Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mò ń kọ́ ní Lomé nígbà yẹn. Wọ́n ní kí kálukú yan option tirẹ̀: courant fort, ìyẹn iná ńlá tó ń tan gílóòbù, tó ń yí ẹ̀rọ; tàbí courant faible, iná kékeré tó ń gbé ohùn nínú rédíò àti tẹlifóònù. Ti tẹlifóònù lọkàn mi fẹ́. Mo gbé fọ́ọ̀mù wá sí Kambolé, ìlú wa, kí Bàbá lè ṣàdúrà sí i.

Àṣìṣe mi rèé: mo kà á sí i létí ní Faransé!

Bàbá ò mọ̀wé, àgbẹ̀ oníṣu ni, ṣùgbọ́n ó mọ faible dáadáa. Òun ni tíṣà máa ń kọ sínú bulletin, ìyẹn ìwé èsì ìdánwò, ẹ̀gbọ́n mi, Lásísì, láti fi sọ pé kò mọ̀wé. Ẹgba ọ̀rọ̀ yẹn ni Lásísì jẹ lọ́wọ́ Bàbá títí tó fi sá lọ sí Kútọnu. Ojú Bàbá yí padà. Ó ní ṣé èmi náà ti wá di faible ni? Mo ṣàlàyé títí, ó kọtí ikún sí mi.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́dọ̀ wọkọ̀ Lomé ní Sokodé. Bàbá ní òun á sìn mí débẹ̀, kí òun fojú ara òun rí ibi tí màá fàmì sí. Ẹ má rò pé mo lè tàn án o! Ó dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ lójú ìwé. Láti Tchamba dé Sokodé, mò ń rò ó lọ́kàn. Ṣé kí n pàdánù ohun tí mo fẹ́ ni, àbí àdúrà Bàbá?

Ní pósítì Sokodé tí a ti ń dúró de ọkọ̀, lábẹ́ àwòrán Ààrẹ, mo rí tẹlifóònù. Lásísì ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu, mo sì ní nọ́ńbà ibẹ̀. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá mi pè é. A jókòó, a jókòó. Wọ́n ti pe ìrun Alásárì, ọkọ̀ Lomé ti ń fọn fèrè níta, kí wọ́n tó pe orúkọ wa. Mo fi í sí Bàbá létí. Ohùn Lásísì dún:

"Bàbá, ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ìlera nìkan ni Bàbá béèrè, torí gbogbo wa mọ̀ pé etí ìjọba pọ̀ lórí wáyà nígbà yẹn. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó bi mí pé iná wo ló gbé ohùn Lásísì wá.

Mo dáhùn: "Faible ni, Bàbá."

Ó tọ́ka sí fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi, ó ní: "Faible ló lé Lásísì kúrò nílé. Faible náà ló tún gbé ohùn ẹ̀ wá bá mi. Ràmátù, fàmì sí i. Bísímílà."

Mi ò ní purọ́, mo sunkún dé Lomé!

Ohun tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má kàn sọ orúkọ nǹkan ìwé fún òbí, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìwé wo ló ti dájà sílẹ̀ nílé yín rí? Ẹ sọ fún wa, àmọ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀ o!