Àlàájà Tí Wọn Ò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ó ti rẹ Bùsírátù. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń mú kúrò o. Úmúrà ló bá dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ló bá jókòó sí àdúgbò Járíwálì ní Mẹ́kà, ó ń fọṣọ fún àwọn àlejò. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tí kò ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú wọn, ó sá wá sí Jẹ́dà, ó sì ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Naima.

Ará Bangladẹ́ẹ̀ṣì ni Naima. Nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní àdúgbò Bagidádíyà ni ẹgbẹ́ ìrànwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ Indonéṣíà kan sá fún ọ̀gá tí kì í jẹ́ kó sùn wá síbẹ̀. Àwọn ará Filipíìnì tẹ̀ lé e, ará Nepal náà ò gbẹ́yìn. Naima á bá wọn wá ìwé títí wọ́n á fi wọ bàálù lọ bá ìyá wọn. Bùsírátù ló ń dáná. Ó ti sin àwọn ọmọ Éṣíà dẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú u. Gbogbo ayé ń relé, òun ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn!

Àlàájà nìkan ló ní, ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ìyá yìí máa ń sọ pé, "Wọ́n ní oore ni kéèyàn kú síhìn-ín. Èmi o, ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

Àfi bí ẹ̀gbà ṣe kọ lù ú lójú títì. Ohùn lọ, fóònù tí nọ́ńbà ọmọ wà nínú rẹ̀ náà lọ. Naima ní lóòótọ́, àwọn ará Éṣíà lẹgbẹ́ òun wà fún, ṣùgbọ́n òun á bá wọn dé ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Àlàájà ni."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ẹ jọ ń gbé látọjọ́ yìí, o ò mọ orúkọ rẹ̀?"

Níbo ni wọ́n ti ń bi àgbà pé kí lorúkọ ẹ? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dán an wò. Àwọn tí wọ́n sì jọ ń sá fọ́lọ́pàá, ta ní ń wádìí ẹnìkejì? Bùsírátù bi gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ládùúgbò Máhíjà. Àlàájà náà ni gbogbo wọn mọ̀.

Ló bá kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. "Ẹ má bínú o, mà á pè yín lórúkọ. Sìfáwù? Rábíátù? Mulikátù?" Ojú ìyá là, àmọ́ kò wo ẹnì kankan. "Àṣàkẹ́? Àjọkẹ́? Àbẹ̀ní?"

Omi bọ́ lójú ìyá.

"Àbẹ̀ní ni!" Bùsírátù pariwo.

Naima béèrè pé, "Àbẹ̀ní ọmọ ta? Ará ibo?"

Bùsírátù bú sẹ́kún. Oríkì tí wọ́n fi ń kẹ́ ọmọ ni, àwọn Àbẹ̀ní ò lóǹkà nílẹ̀ Yorùbá. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló mọ ilé ìyá yìí?

Ó di ọwọ́ ìyá mú, ó ń pè é ní Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní, títí èémí fi tán nínú ìyá. Naima dìde láti lọ. Bùsírátù fà á láṣọ.

Ó ní, "Bùsírátù ọmọ Ìdírísì, ará Ìsẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má gbàgbé."