Éríà Orí Páànù àti Ẹni Tó Nawọ́

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní ìjà ìgboro. Ogun ni. Àárọ̀ Sátidé ló bẹ̀rẹ̀. Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Olódì nígbà tí ìbọn dún láti ìhà Ajégúnlẹ̀. Mo rò pé àwọn ọmọdé ló ń yin nọ́káòtù. Kí n tó ká aṣọ tán, ilé ti ń jó lẹ́yìn wa.

A ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Omi tán, gààrì gbígbẹ là ń jẹ. Bí Bùsọ́lá ọmọ mi àti àwọn ọmọ ilé yòókù bá ń sunkún, a ó fi aṣọ dí wọn lẹ́nu. A fẹ́ sá, ṣùgbọ́n a ò mọ ọ̀nà tó là. Rédíò nìkan ló lè sọ ọ́ fún wa, ariwo lásán ló sì ń pa.

Ràṣídì ọkọ mi, tó ń ru ẹrù ní èbúté Kirikírì, so wáyà àti ọmọrí ìkòkò mi mọ́ orí ọ̀pá ọparun, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe éríà nígbà náà. Ó gun orí páànù. Bàbá Ṣẹ́gun, ará yàrá kejì, tẹ́tí sí rédíò nísàlẹ̀.

"Ràṣí, gbé e sókè sí i! Ó ti ń wọlé!"

Ohùn já gaara. Wọ́n ní sójà ń bọ̀. Inú wa dùn.

Àwọn jàǹdùkú tó ń dáná sun ilé rí ọ̀pá náà lókèèrè, wọ́n já wọlé.

"Who get this wire? Na who dey call soja?"

Bàbá Ṣẹ́gun mọ̀ pé rédíò kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹni lọ síbì kankan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé àdá lé e lọ́rùn, ó nawọ́ sí ọkọ mi.

"Na him! Òun ló ń bá sójà sọ̀rọ̀!"

Ìṣojú mi ni wọ́n ti pa ọkọ mi.

Sójà dé lọ́jọ́ kejì. Àdúgbò pa lọ́lọ́, ajá pàápàá ò gbó. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi kúrò lórí sìmẹ́ǹtì.

Ẹbí ní kí n kó kúrò, mo kọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láràárọ̀ ni mò ń gbé àga síwájú ilẹ̀kùn Bàbá Ṣẹ́gun.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ràṣí ní kí n kí yín."

Ọdún ti gorí ọdún báyìí, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún.

"Ìyá Bùsọ́lá, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sinmi."

"Ràṣí ò bẹ̀ yín fún ìsinmi, sà, ẹ sì fún un."

Mi ò dárí jì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò ní í pẹ́ kú mọ́. Bí wọ́n bá ń gbé e lọ, màá bá wọn dé etí kòtò, kó má baà rò pé òun ti bọ́.