Iwájú Ilé Tí Kò Fẹ́ Ìgbálẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi máńgòrò iwájú ilé wa ní Oǹdó ni oòrùn ti gba ibẹ̀. Kò sí ibòòji mọ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú títì. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á ti gbóná débi pé adìyẹ pàápàá kì í dúró níbẹ̀. Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló ń dá gbé ilé náà. Aago mẹ́fà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iwájú ilé. Tó bá gbá a tán, á bẹ̀rẹ̀, á máa fa koríko títí oòrùn á fi ká a mọ́bẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún tó ń dùn ún.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Bàbá kan wà ní òdìkejì ògiri wa, tó ń wọn kòkó nígbà tí agbára ṣì wà, tí ojú rẹ̀ ti wá fọ́ báyìí. Òun ló gbọ́ pé ìgbálẹ̀ dákẹ́ lójijì láìtíì dé ìdí ògiri, ló bá figbe ta, àwọn èèyàn sì sáré dé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi gbé e wọlé. Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù nìyẹn. Mo gbọ́ pé ó ṣubú, mo gbọ́ pé oòrùn ni, mo gbọ́ pé ilẹ̀ ló ń gbá. Èyí tó yẹ kí n gbọ́ jù níbẹ̀, etí mi ò gbà á.

Ẹ̀ka ètò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ètò ni iṣẹ́ mi, ètò náà sì ni àìsàn mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa bá mi gbé ní ẹ́sítéètì Ìjàpò, ó ní ibi tí olúkúlùkù ti géètì mọ́ra, ta ni yóò kí òun láàárọ̀? Nítorí náà mo mú bébà, mo ya iwájú ilé náà sórí rẹ̀: ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ máa wà, ibi tí a máa gbin nǹkan sí, irú nǹkan tí oòrùn ò lè pa, tí kì í wọ́wé, tí kò fẹ́ omi, tí kò fẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé oòrùn yẹn ni yóò pa á. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Mo gbé bébà náà lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ní, "Ìyé, ẹ ò ní gbálẹ̀ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ulí tí wọn kì í gbá láàárọ̀, ọma mi, aráyé á ní kò sẹ́ni níbẹ̀ ni."

"Kò ní sí ohun tí ẹ máa gbá. Òkúta ni gbogbo rẹ̀."

"Báwo wá ni bàbá òdìkejì ṣe máa mọ̀ pé mo jí?"

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lójúmọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Tí bàbá náà bá ti gbọ́ ìgbálẹ̀, á wúkọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà." Màmá mi á dáhùn pé, "Ẹ kú ojúmọ́ o." Ó parí. Lójú tèmi, eré àgbà ni. Mo ní èmi á máa pè é lórí fóònù. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bébà gbálẹ̀." Kò tún bá mi jiyàn mọ́, mo sì rò pé mo ti borí.

Ọkùnrin ará Ìta-Ògbólú kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Àkúrẹ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ilẹ̀ kí koríko má baà hù, ó da òkúta funfun wẹ́wẹ́ lé e. Ó gbin pèrègún yí ògiri ká, ó gbin ọ̀já ìkookò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó ní bí òjò ò rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kò sí èyí tó máa kú níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó nu òógùn ojú, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ó rẹwà o, Màdáámù. Ìdí sàréè nìkan ni mo ti ń bá wọn ṣe irú ẹ̀." Ó wo màmá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má bínú."

Inú bí mi, mo ní kó máa kó irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, màmá mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbọn eruku orí òkúta. Mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e jù sínú búùtù ọkọ̀ mi. Mo mọ̀ ọ́n: tí mo bá fi í sílẹ̀, òkúta náà ni yóò máa gbá.

Gbogbo ẹni tó kọjá ló yìn ín. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han àwọn ará ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe màmá mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrú. "Ibí dákẹ́," ló máa ń wí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń jáde wá sẹ́nu ọ̀nà kó lè kí bàbá náà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti le láti ìgbà tí kò ti gbálẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kó lè máa ṣe é lọ. Ó ní bàbá náà ò kí òun mọ́, kò mọ ìgbà tóun jí. Mo ní ó máa mọ́ ọn lára. Ó sì mọ́ ọn lára lóòótọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kẹwàá, mo pè é, fóònù dún títí ó fi já. Mo ní ilé ìdáná ló wà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù náà ti kú. Mo ní wọn ò ní iná. Ọjọ́ kejì, ọkàn mi ò balẹ̀ nídìí iṣẹ́; nígbà tó di ọ̀sán, mo wọ ọkọ̀, mo kọrí sí Oǹdó.

Iwájú ilé náà tòrò. Òkúta funfun, kò sí ewé kan lórí rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí, ọ̀já ìkookò dúró ṣánṣán. Ká ní yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ ni, ilẹ̀ tí wọn ò gbá fún ọjọ́ méjì ì bá ti figbe ta fún gbogbo àdúgbò. Òkúta ò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń sọ pé ó mà mọ́ o.

Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé ni mo ti bá a, ó ṣì ń mí. Bí mo ṣe ń ké ni bàbá òdìkejì ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. "A ò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ mi," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí a ò ti gbọ́ nǹkan kan láti ilé yín."

Mo tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì rò pé nǹkan ń yún un. Èmi mọ ohun tó ń ṣe. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, ọwọ́ náà dúró.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, kí a tó túfọ̀ ikú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Oǹdó, mo lọ sílé náà lọ kó aṣọ tí a máa wọ̀ fún un. Mo ṣí búùtù láti mú báàgì, mo bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí mo fi ọkọ̀ yẹn gbé e lọ. Mo mú un. Mo fi ẹsẹ̀ ti òkúta sápá kan, mo ya ọ̀rá náà títí mo fi kan yẹ̀pẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbá a. Aago mẹ́fà ti lù nígbà náà.

Ẹnì kan wúkọ́ lódìkejì ògiri.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Tíṣà," ni bàbá náà wí. Ayọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó tún kí màmá mi lẹ́ẹ̀kejì, ó ń retí kó dáhùn.