Fọ́tò Mi Lọ́fíìsì Iwájú

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe kásúà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, lẹ́yìn Ṣàngó Toll Gate. Àwọn sítáàfù ní káàdì tó ní fọ́tò, wọ́n ń fi kọ́rùn, géètì iwájú ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Géètì ẹ̀yìn ni tiwa. Láràárọ̀, ẹ̀ṣọ́ á fi máákà kọ nọ́ńbà sí wa lẹ́yìn ọwọ́, bí ẹni ń sàmì sí àgùntàn Iléyá. Bí òógùn bá pa á rẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà gbé nìyẹn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike di kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi mí tì. Bí kẹ́ẹ̀gì bá jáde, tó ṣì ń gbóná, màá fi ìka kan ìdí rẹ̀, mo ti mọ èyí tó máa jò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àwọn sítáàfù pàápàá máa ń pè mí kí n wá fọwọ́ kan tiwọn. Òmùgọ̀ ni mí, inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá pè mí.

Lọ́jọ́ kan, màdáámù tuntun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pín bébà fún gbogbo wa.

"Ẹ kọ nǹkan tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ túbọ̀ gbádùn iṣẹ́ yín."

Àwọn kan kọ fáànù, àwọn kan kọ oúnjẹ ọ̀sán. Èmi kọ ọ́ pé kí wọ́n fún mi ní káàdì tó ní fọ́tò mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, màdáámù ránṣẹ́ pè mí.

"Bàbá, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa wá lọ́la o. A fẹ́ snap yín."

"Alàgbà, you don hammer o!" ni ẹnì kejì mi nídìí ẹ̀rọ pariwo.

N kò béèrè nǹkan kan. Ta ni yóò béèrè? Mo rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Nígbà tó di Jímọ̀, ìyàwó mi dín àkàrà, a ṣe sàráà, ááfáà ṣàdúrà. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́: gbogbo àdúgbò wa ní Ìjù ló wá jẹ ẹ́. Mo pe ìyá mi ní Ọ̀ṣun pé mo ti di sítáàfù. Ó sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ tún yọ máákà jáde.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ wá."

"Káàdì mi ńkọ́?"

"Káàdì kẹ̀? Wọ́n ti gbé fọ́tò yín kọ́ sí ọ́fíìsì iwájú. Ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa jù lóṣù yìí. Ẹ kú oríire o!"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wò ó. Ó ní kásúà kì í gba ibẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti balẹ̀. Kí ni màá sọ fún àwọn ará Ìjù? Kí wọ́n pọ àkàrà wa ni?

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún mi. Àlejò ni, géètì iwájú ni wọ́n ní kó gbà. Ó dúró wo fọ́tò náà dáadáa, kó tó yí wá bá mi lẹ́yìn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀rín yẹn yẹ yín."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀?"

Ó na abọ́ oúnjẹ sí mi. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín."

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ká ní irọ́ ni wọ́n kọ, ǹ bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.